Orúkọ ìdílé wa ni da Silva: ṣé ẹ̀jẹ̀ Potogí wà nínú wa, àbí orúkọ nìkan ni?

Ọmọ Pópó Àgùdà:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Da Silva ni orúkọ ìdílé bàbá mi. Pópó Àgùdà ní Èkó ni a ti bí wọn, Kàtídírà Holy Cross sì ni wọ́n ti sàmì fún wọn. Ohun tí a gbọ́ láti kékeré ni pé bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló ti Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl dé Èkó. Láti ibẹ̀ ni ìtàn ti pín sí méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹnu mọ́ ọn pé Potogí ni baba ńlá wa, pé ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú ìdílé fi pupa. Màmá bàbá mi, ní tiwọn, máa ń sọ kí wọ́n tó kú pé Ìjẹ̀ṣà ni wá, wọ́n sì máa ń ki àwa ọmọ ní oríkì tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọ sílẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé báyìí, mo sì ṣe àyẹ̀wò DNA, irú èyí tí a ń tutọ́ sínú ike fún. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni Nàìjíríà ìdá 66 nínú 100, orílẹ̀-èdè Benin àti Togo ìdá 27, Mali ìdá 5, Pọ́túgàl ìdá 2. Ǹjẹ́ ìdá 2 yìí ni baba ńlá tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń sọ? Kí sì ni Benin àti Togo ń wá nínú ara ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà? Bàbá mi ti di olóògbé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn wà láàyè, mo sì ní àbúrò ọkùnrin kan. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n gbé e gbà?

Ayọ̀ Ìkòyí:

Orúkọ yín ti dá yín lóhùn. Ẹni tí kò ní Potogí nínú ìran rẹ̀ kò lè máa jẹ́ da Silva, ìdá 2 náà sì ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ló tọ̀nà.

Akọ̀wé Ìtàn:

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kọ́ nìyẹn o. Nígbà tí wọ́n bá já ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ ní Salvador, olú-ìlú Bahia, wọ́n á sàmì fún un, wọ́n á sì fún un ní orúkọ kan ṣoṣo, bíi João, Antônio tàbí Felicidade. Ẹ̀yà tí wọ́n kà á mọ́ ni wọ́n máa ń kọ tẹ̀ lé e nínú ìwé: Nagô fún àwa Yorùbá, Jeje fún àwọn Fọn àti àwọn aládùúgbò wọn, Hauçá fún àwọn Hausa. Orúkọ ìdílé kì í sábà wọlé àfi lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá gba ìwé òmìnira, torí pé ẹni tó ti dòmìnira nílò orúkọ tí yóò fi ra ilẹ̀, tí yóò fi gbéyàwó, tí yóò sì fi gba ìwé ìrìnnà. Ọ̀pọ̀ wọn mú orúkọ ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn kan mú ti baba ìsàmì wọn, àwọn mìíràn sì mú orúkọ tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn, irú bíi dos Santos, do Nascimento, de Jesus àti da Conceição. Ní ti Silva, òun ni orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù lọ ní Bràsíl títí di òní, nítorí náà kò fi ilé kan pàtó hàn wá.

Àpẹẹrẹ tó hàn sí gbogbo ará Èkó ni ti João Esan da Rocha. Iléṣà ni wọ́n ti mú un ní kékeré, ní nǹkan bíi 1850, wọ́n sì tà á sí Bahia. Nígbà tó padà dé Èkó ní àárín ọdún 1870 sí 1880, ó ti ń jẹ́ da Rocha, síbẹ̀ kò fi orúkọ Esan sílẹ̀. Ilé rẹ̀ ní òpópónà Kakawa ni a mọ̀ sí Water House, ọmọ rẹ̀ Cândido da Rocha sì di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ pàtàkì Èkó. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé torí orúkọ da Rocha, Iléṣà kọ́ ni bàbá náà ti wá.

Nǹkan kan tún kù tí àwọn da Silva ní láti ṣọ́ra fún. Lázaro Borges da Silva wà lára àwọn tó kọ́ ilé ìjọsìn Holy Cross àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń jẹ́ orúkọ yìí ní Èkó fi máa ń fẹ́ so ara wọn mọ́ ọn. Ẹ má ṣe gba irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé láìsí ìwé.

Ìyá Àjàṣẹ́:

Ọmọ mi, mo kí ọ láti Porto-Novo, tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́. Ohun tí Akọ̀wé sọ dára, àmọ́ kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan náà pa gbogbo àwọn Àgùdà, ìyẹn àwa tí ìran wa ti Bràsíl dé, pọ̀. Ní apá ibí yìí, a ní àwọn tí baba wọn jẹ́ ọmọ Bràsíl ní ti ẹ̀jẹ̀ gan-an. Francisco Félix de Souza, tí wọ́n fi jẹ oyè Chacha ní Ouidah ní ayé Ghezo ọba Dahomey, Salvador ni wọ́n bí i sí, òwò ẹrú ló sì ń ṣe títí tó fi kú ní 1849. Ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀, ó bí ọmọ rẹpẹtẹ, gbogbo wọn sì ń jẹ́ de Souza. Bí o bá wá wo inú agbo ilé kan náà, wàá rí àwọn tí baba wọn jẹ́ ẹrú tàbí ará ilé rẹ̀, tí àwọn náà ń jẹ́ de Souza láìsí ẹ̀jẹ̀ kankan láàárín wọn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n jọ ń sin òkú, wọ́n sì jọ ń ṣe ọdún. Nítorí náà, orúkọ kò fìdí ẹ̀jẹ̀ múlẹ̀, kò sì tako ó. Ilé kọ̀ọ̀kan ni a ní láti wádìí rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọ Sàró:

Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwa Sàró, tí ìran wa ti Sierra Leone padà wá, pẹ̀lú. Àjàyí tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní 1821 di Samuel Crowther lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un ní Freetown ní 1825, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sí ẹni tó jẹ́ ronú pé wọ́n bára tan. N kò mọ ìdí tí a fi ń béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ Àgùdà nígbà tí a kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Johnson àti Williams.

Oníṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò:

Mo ń ṣiṣẹ́ nípa DNA, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èsì náà díẹ̀, torí pé òun gan-an ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú.

Bí bàbá àgbà tó ti Bahia dé yẹn bá jẹ́ Potogí pọ́ńbélé, òun ni bàbá tó bí bàbá bàbá yín, nǹkan bí ìdá 12.5 nínú 100 ni à bá sì máa retí lára yín. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá tó bí i ni Potogí, yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá 6. Bí ó bá tún jẹ́ ìran kan ṣáájú ìyẹn, yóò tó ìdá 3. Ìdá 2 tí ẹ rí kò jìnnà sí èyí tó kẹ́yìn yìí, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, nítorí ìdí méjì. Àkọ́kọ́ ni pé iye tó kéré báyìí lè jẹ́ àṣìṣe ìṣirò lásán. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè yọ ọ́ kúrò nígbà tí wọ́n bá tún àtẹ wọn ṣe. Èkejì, tí ẹ̀yin kò mẹ́nu bà, ni pé àyẹ̀wò yìí kò sọ ẹ̀gbẹ́ tí ó ti wá. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ màmá yín, tàbí màmá bàbá yín, ló gbà wọlé. Bí àwọn màmá yín náà bá jẹ́ ọmọ Àgùdà, ẹ ti rí bí ọ̀rọ̀ ṣe lè dojú rú.

Ní ti Benin àti Togo, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dà yín láàmú. Ńṣe ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń fi ara yín wé ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gba àpẹẹrẹ DNA wọn sílẹ̀. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gba tiwọn ní Ìbàdàn fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí DNA ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, di ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé ń lò jù lọ láti fi ṣojú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní Benin, àwọn Yorùbá mìíràn tí wọ́n ń jẹ́ Ifẹ̀, tí Atakpamé jẹ́ olú-ìlú wọn, wà ní Togo, ọdún 1889 sì ni àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó fi ààlà la àárín wa kọjá. Ara wa kò mọ ààlà yẹn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí kò ní ẹbí kankan ní Kutọnu ni ó ń rí ìdá 20 sí 30 Benin àti Togo nínú èsì tirẹ̀.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ ti orúkọ gan-an, àyẹ̀wò tí ẹ ṣe kọ́ ni ẹ nílò. Krómósómù Y ni ẹ máa wò, torí pé láti ọ̀dọ̀ baba sí ọmọkùnrin ni ó ń lọ, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé ṣe ń lọ. Ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí obìnrin kò ní i, nítorí náà àbúrò yín ọkùnrin tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni yóò ṣe é. Ilé-iṣẹ́ FamilyTreeDNA ń ta àyẹ̀wò Y lọ́tọ̀. Bí èsì bá bọ́ sí ẹ̀ka ìran baba tí wọ́n ń pè ní E-M2, Áfíríkà ni baba yẹn ti wá, torí ẹ̀ka yẹn ni èyí tó pọ̀ jù lọ lára àwọn ọkùnrin Yorùbá. Bí ó bá bọ́ sí R1b, a jẹ́ pé baba náà lè jẹ́ Potogí, nítorí R1b ló wọ́pọ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù.

Ayọ̀ Ìkòyí:

Ẹ ṣé, Oníṣẹ́. A jẹ́ pé R1b ni yóò parí ìjà náà nígbà náà.

Oníṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò:

Kò ní parí rẹ̀ bí ẹ kò bá wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ka náà. R1b-V88 wà ní Áfíríkà fúnra rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ ní àgbègbè adágún Chad àti àríwá Kamẹrúùnù, bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ pé wọ́n kó àwọn Hausa lọ sí Bahia. Ẹ tún rántí pé bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ó gbé orúkọ da Silva wọ ilé yín, tí ọmọ rẹ̀ wá ń jẹ́ orúkọ ìyá, baba mìíràn pátápátá ni Y yóò máa sọ fún yín.

Bàbá Kékeré Ọ̀fin:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, kò sì wù mí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń fi itọ́ yín fún àwọn tí ẹ kò mọ̀. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú 23andMe, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò DNA, wọ́n sì rí ìròyìn nípa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.9 ènìyàn, nígbà tó di oṣù kẹta 2025, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kéde pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Kì í ṣe ara tìrẹ nìkan ni o fi sílẹ̀ níbẹ̀, ti àwọn ìbátan rẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Ní ti ìwé, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Wọ́n ti dáná sun gbogbo ìwé ẹrú ní Bràsíl.

Akọ̀wé Ìtàn:

Bàbá, mo gba tẹ̀yin lórí ìṣọ́ra, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwé ni wọ́n sun. Rui Barbosa, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ló pàṣẹ ní oṣù Kejìlá 1890 pé kí wọ́n sun àwọn ìwé ìjọba tó wà ní ọwọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Ìwé ìsàmì tó wà lọ́wọ́ ìjọ kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé òmìnira tó wà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé ìlú àti ìwé ìhágún. Ní Salvador, ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia ṣì ní ìwé tí àwọn ọlọ́pàá fi ń kọ orúkọ àwọn tó gba ìwé ìrìnnà.

Ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ ni ọ̀tẹ̀ àwọn Ìmàle tó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, ìjọba Bahia ṣe òfin ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n bu owó orí lé àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti dòmìnira, wọ́n sì gba agbára láti lé wọn jáde. Àwọn kan ni wọ́n fi tipátipá kó sínú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀ padà sílé. Olúkúlùkù tó bá kúrò ní èbúté gbọ́dọ̀ gba ìwé, ìdí nìyẹn tí a fi lè rí orúkọ wọn lónìí.

Ará Bahia:

Salvador ni mo wà, mo sì máa ń lọ sí ilé ìtọ́jú ìwé tí Akọ̀wé dárúkọ. Ohun tí mo fẹ́ kí arábìnrin wa mọ̀ ni pé wíwá da Silva nínú ìwé ìrìnnà dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wá Alàájì kan ní Mushin. Ẹ gbọ́dọ̀ ní orúkọ àkọ́kọ́ bàbá náà, ọdún tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó wọkọ̀, àti orúkọ ìyàwó tàbí ọmọ tó bá a rìn. Ìwé ìsàmì Bahia púpọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wá ìran ẹni, àwòrán ojú ìwé ni wọ́n gbé síbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ àwọn akọ̀wé ìgbà náà máa ń ṣòro kà.

Mo tún ní àtakò díẹ̀ sí ohun tí Akọ̀wé sọ nípa orúkọ ẹni tó ni ẹrú. Mo ti rí ìwé ibi tí tọkọtaya tí wọ́n jọ jẹ́ ẹrú ilé kan náà ti mú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn òmìnira, ọmọ wọn sì tún ń jẹ́ ìkẹta. Kí ẹ má ṣe rò pé bí ẹ bá rí da Silva kan tó ní ẹrú, ẹ ti rí ilé tí bàbá yín gbé nìyẹn.

Màmá Iléṣà:

Ọmọ mi, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ lórí Bràsíl, ẹnikẹ́ni kò béèrè oríkì tí ìyá àgbà yín fi sílẹ̀. Òun ni ìwé tí wọ́n kò lè dáná sun. Àmọ́ kí o tó gbára lé e, béèrè ohun kan: oríkì ilé ta ni wọ́n ń kì? Ìyàwó ilé a máa ki àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ ní oríkì ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ó tún lè fi oríkì ilé bàbá tirẹ̀ ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Bí ó bá jẹ́ ti ilé bàbá tiwọn ni, a jẹ́ pé ìyá àgbà yín ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kò sì tíì sọ ibi tí da Silva ti wá fún wa.

Ìkejì ni pé bí ohun tí ẹ rántí kò bá ju ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn lọ, gbogbo Ìjẹ̀ṣà ni ìyẹn ń bá wí. Èyí tó ń tọ́ka sí agbo ilé ni kí o wá: orúkọ baba tí wọ́n dá nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, òrìṣà tí wọ́n ń bọ, èèwọ̀ ilé. Bí ẹ bá ní ẹran kan tàbí ẹja kan tí wọn kì í jẹ ní ilé yín, kọ ọ́ sílẹ̀, torí mo ti rí ìdílé Àgùdà tó gbàgbé orúkọ Yorùbá wọn pátápátá ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń pa èèwọ̀ mọ́ láìmọ ìdí rẹ̀. Lọ bá àwọn àgbà obìnrin ilé, kí o má lọ bá àwọn ọkùnrin. Àwọn obìnrin ló ń kì í.

Ìyá Àjàṣẹ́:

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Màmá sọ. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Má ṣe gbé èsì Y lọ sí ìpàdé ẹbí bí ẹ bá ní ilé tàbí ilẹ̀ àjọni. Bí àbúrò yín bá ṣe é, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín náà ṣe é, tí èsì méjèèjì kò sì bára mu, ẹ ti tú àṣírí ìyá àgbà kan tó ti sùn tipẹ́tipẹ́, àwọn kan á sì fẹ́ fi ìyẹn lé ẹlòmíràn kúrò lórí ogún. Ọmọ tí wọ́n bá ti sọ lórúkọ nínú ilé, ọmọ ilé ni.

Oníṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò:

Ìmọ̀ràn Màmá Àjàṣẹ́ yìí ni mo máa ń fún ènìyàn kí wọ́n tó san owó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é mọ̀ ṣáájú pé irú èsì bẹ́ẹ̀ lè jáde, kí ó sì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Ọmọ Pópó Àgùdà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá jù lọ ẹ̀yin Màmá méjèèjì. Mo pe àbúrò màmá bàbá mi obìnrin tó ṣẹ́kù ní Sùúrùlérè. Wọ́n ní oríkì ilé ọkọ ni ẹ̀gbọ́n àwọn máa ń kì, pé ilé bàbá tiwọn kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà rárá, Ìjẹ̀bú ni. Wọ́n rántí ìlà mélòó kan, a sì ti gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Orúkọ baba kan wà nínú rẹ̀ tí màá fi ránṣẹ́ sí Màmá Iléṣà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ̀ láti tutọ́ sínú ike, wọ́n ní àwọn mọ baba àwọn. Àbúrò mi ti gbà, a ó sì ṣe tirẹ̀ láìsọ fún ìpàdé ẹbí. Ìwé ni ó kù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, nígbà tí n kò tíì mọ̀ ju pé Antônio ni bàbá àgbà náà ń jẹ́?

Akọ̀wé Ìtàn:

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA (Society of African Missions) fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní 1868. Ṣáájú wọn, Pa Antonio, ẹni tó ti gba òmìnira láti oko ẹrú, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Òun kọ́ ni bàbá tiyín o, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà ṣì yín lọ́nà. Ẹ kọ ìwé sí Holy Cross, kí ẹ béèrè ìsàmì bàbá bàbá yín, nítorí wọ́n máa ń kọ orúkọ bàbá, ìyá àti òbí ìsàmì síbẹ̀. Àwọn òbí ìsàmì yẹn ṣe pàtàkì gan-an: àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ láti Bahia ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá ìwé ilẹ̀ Pópó Àgùdà, pàápàá Crown Grant tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn onílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó ní 1861.

Ará Bahia:

Nígbà tí ẹ bá sì ń wá a, ẹ má ṣe wá da Silva nìkan. Ẹ wá Sylva àti da Sylva pẹ̀lú, nítorí bí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn. Bí ẹ bá ti rí orúkọ ìyàwó Antônio, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá lọ wò ó nínú ìwé ìrìnnà níbí.